Nọ́ńbà dára, Bàbá ń sùn lọ

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí, mi ò sì ní sọ ilé ìwòsàn tó ti ṣẹlẹ̀. Èmi ni nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, ọwọ́ mi sì wà nínú àṣìṣe àkọ́kọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n ti Bàbá wọlé lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni ọdún 68 ni. Ó jókòó ṣánṣán, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Tó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì, á dákẹ́ mí kó tó rí ẹ̀kẹta sọ. Màmá, ìyàwó rẹ̀, ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀: ó mu sìgá fún ogójì ọdún kó tó jáwọ́, dókítà sì ti sọ fún wọn tipẹ́ pé COPD ló ń ṣe é, ìyẹn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń fún ọ̀nà èémí pa díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ikọ́ ti le sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti pàwọ̀ dà, kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Mo fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́ksíjìn inú ẹ̀jẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún sí i níka. Ó ka 79. Ó ń mí ní ìgbà 32 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní yàrá pàjáwìrì mọ ohun tí 79 máa ń ṣe sí ọkàn ẹni. Mi ò dúró béèrè nǹkan kan. Mo mú ìbòmú ọ́ksíjìn alápò, mo ṣí i dé lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, mo fi bò ó nímú. Dókítà tó wà lóru yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó já fáfá, ní kí n fi salbutamol, oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, sínú nebulizer, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ oògùn di ìkùukùu tí aláìsàn á mí sínú, kí n fún un ní steroid àti antibiotic. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Ọ́ksíjìn náà la fi fẹ́ nebulizer ọ̀hún, nítorí pé ojú ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni ọ́ksíjìn wà, èyí tó ń lo atẹ́gùn lásán sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ̀rọ ka 99. Ara tu gbogbo wa. Mímí rẹ̀ wálẹ̀ láti 32 sí 24, ó tún wálẹ̀ sí 18. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ gan-an nìyẹn, ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn aláìsàn mìíràn ń dúró, mo sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó tó wákàtí kan kí Màmá tó wá bá mi nídìí tábìlì.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo Bàbá. Oorun tí wọ́n ń sùn yìí ò yé mi.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi sùn, ó ti rẹ̀ wọ́n.”

Ó dúró, kò lọ. “Wọ́n ti fẹ̀yìn lélẹ̀. Bàbá kì í fẹ̀yìn lélẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dìde. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó pe Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lajú. Ó ní, “Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín síwájú, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró.” Bàbá gbìyànjú. Ọwọ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó já wálẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, ó tún sọ padà sókè, ó tún já, bí ìyẹ́ ẹyẹ tí agbára ti tán nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú. Ó gbóná. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ń ta kì-kì-kì lábẹ́ ìka mi, ó lágbára ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Ẹ̀rọ ìka ṣì ń ka 99.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan àlọ tó wà ní ọrùn ọwọ́. Èsì tó jáde ni pH 7.20, PaCO2 92 mmHg, báíkábọ́nétì 35, PaO2 190. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sórí, pH ni òdiwọ̀n ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀, bó bá ṣe rẹlẹ̀ sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí; PaCO2 ni òdiwọ̀n CO2, atẹ́gùn tí a ń mí síta; PaO2 ni ti ọ́ksíjìn; báíkábọ́nétì ló sì ń pa ásíìdì. pH tó dára wà láàárín 7.35 sí 7.45, PaCO2 láàárín 35 sí 45. Ọ́ksíjìn Bàbá ti kọjá ti èmi tí mo dúró tì í. CO2 rẹ̀ ti lé ní ìlọ́po méjì tèmi. Kì í ṣe oorun ló ń sùn. CO2 ló ń kùn ún bí oògùn oorun ṣe ń kùn ènìyàn, òun náà ló sì ń já ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀.

Ibi tí dókítà ti ń ka nọ́ńbà yẹn sókè ni Màmá ti ṣí báàgì rẹ̀. Láàárín páálí oògùn ó yọ ìwé kan tó ká sí mẹ́rin. Irú àyẹ̀wò yẹn kan náà ni, ti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí Bàbá ṣì ń rìn lọ rìn bọ̀ fúnra rẹ̀: pH 7.36, PaCO2 60, báíkábọ́nétì 33.

“Ẹ ò bi mí,” ó ní.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru ẹrù yìí

Ẹ jẹ́ ká fi Bàbá sórí ibùsùn ná. Tí a ò bá mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tí a ṣe tẹ̀ lé e á dà bí àfọ̀ṣẹ.

Ara tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń ṣe CO2 bíi 200 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láàárín ìṣẹ́jú yẹn tó lítà márùn-ún. Nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti iṣan àbọ̀, CO2 bíi 52 mílílítà ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bá ń kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró, 48 ṣì wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin péré ló sọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 100 mílílítà àádọ́ta ló wà nínú lítà márùn-ún; mẹ́rin lọ́nà àádọ́ta, igba. Iye tí ara ṣe náà ló jáde. Ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní èyí tó mọ́ ṣì gbé CO2 tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dání. Kì í ṣe ìdọ̀tí tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ o. Òun ló ń bá wa di ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ mú kó má baà yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà ru ú, wọn ò sì dọ́gba rárá. Bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kàn yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ ni. CO2 máa ń yòrò nínú omi ju ọ́ksíjìn lọ ní bí ìlọ́po ogún. Bíi márùn-ún mìíràn so mọ́ ara hẹmoglóbìn, èròjà pupa tó ń gbé ọ́ksíjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Àádọ́rùn-ún tó kù pa aṣọ dà.

Èyí tó ń paṣọ dà yìí ló wù mí jù láti ṣàlàyé. CO2 wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, ó pàdé omi, àwọn méjèèjì di ásíìdì tí a ń pè ní carbonic acid, ásíìdì náà sì pín sí méjì: H+ kan, ìyẹn èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ kan bí ásíìdì, àti báíkábọ́nétì kan. Tí a bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kó máa rìn bó ṣe wù ú, kò ní bá ẹ̀jẹ̀ mu, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan nínú òpó tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró kó tó kọjá. Ẹ́ńsáìmù kan ló ń lé e sáré, carbonic anhydrase lorúkọ rẹ̀. Meldrum àti Roughton ní Cambridge ló kọ nípa rẹ̀ ní 1933. Báíkábọ́nétì jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀, chloride, ọ̀kan lára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, wọlé dípò rẹ̀. H+ tó ṣẹ́kù ńkọ́? Hẹmoglóbìn gbá a mú, kò jẹ́ kó dà ìlú rú. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ẹ̀dọ̀fóró, gbogbo rẹ̀ á yí padà sẹ́yìn: báíkábọ́nétì á wọlé, á pàdé H+, á tún di CO2, a ó sì mí i síta.

Ohun tó mú un yí padà níbẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ Bàbá. Hẹmoglóbìn tí kò gbé ọ́ksíjìn lọ́wọ́ máa ń fi tìfẹ́tìfẹ́ gba CO2 àti H+. Bí ọ́ksíjìn bá ti dé, ó lé wọn sọ̀. Christiansen, Douglas àti Haldane ló fi èyí hàn ní 1914. Orúkọ Haldane ni gbogbo ayé fi ń pè é títí dòní, bẹ́ẹ̀ orúkọ Christiansen, obìnrin àárín wọn, ló ṣáájú lórí ìwé náà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé CO2 tó so mọ́ hẹmoglóbìn, tí kò ju díẹ̀ lọ nínú gbogbo ẹrù, ló ń mú bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wá nínú ohun tó ń sọ̀ ní ẹ̀dọ̀fóró.

Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le koko, àǹfààní ńlá nìyẹn: ọ́ksíjìn ń wọlé, ó ń ti CO2 síta, olúwarẹ̀ á kàn mí i dànù. Bàbá ò lè mí i dànù. Ọ̀nà èémí rẹ̀ ti fún. A rọ́ ọ́ksíjìn lu hẹmoglóbìn rẹ̀, CO2 àti H+ sọ̀ sínú omi ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀kùn tí ì bá gbà jáde sì ṣí díẹ̀ péré.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún wa: pé ẹni tó bá ní COPD ti mọ́ CO2 lára, pé àìtó ọ́ksíjìn nìkan ló ń sọ fún ọpọlọ rẹ̀ kó mí, àti pé bí o bá fún un ní ọ́ksíjìn jù, á gbàgbé láti mí. Ìtàn náà rọrùn láti há sórí. Ó ní òótọ́ nínú, àmọ́ òótọ́ inú rẹ̀ ò pọ̀ tó ariwo rẹ̀. Aubier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó ní 1980, wọ́n fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ́ksíjìn gidi: mímí wọn kọ́kọ́ rẹlẹ̀, ó sì padà sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ CO2 kò padà sílẹ̀. A jẹ́ pé nǹkan mìíràn ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ hẹmoglóbìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Èkejì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó wúwo jù. Ẹ̀dọ̀fóró gbọ́n. Apá ibi tí atẹ́gùn ò bá ti dé dáadáa, ó máa ń fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pa, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ibi tí atẹ́gùn wà lọ. Àìsí ọ́ksíjìn ní ibi yẹn ló ń fún òpó náà. Nígbà tí a da ọ́ksíjìn lítà 15 bo gbogbo ẹ̀dọ̀fóró, àwọn òpó yẹn ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yà wọ àdúgbò tí atẹ́gùn tuntun kì í ti í lọ tó ń bọ̀. Ọ́ksíjìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ sì pọ́n dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n CO2 ò rí ibi gbà. Ó gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tún gbé e padà lọ sílé.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìka ò fi lè ràn wá lọ́wọ́. Àwọ̀ hẹmoglóbìn ló ń wò. Kò mọ nǹkan kan nípa CO2.

Àṣìṣe kejì

Nígbà tí dókítà rí 92, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ṣe náà ló ṣe. “Ẹ yọ ọ́ksíjìn yẹn!” Ọwọ́ mi yá, mo yọ ọ́.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. 99 di 90, 90 di 81, ó ré 70 kọjá, ó dé 66. Ètè Bàbá dúdú. Ìsàlẹ̀ ibi tó ti wọlé wá bá wa ni a sọ ọ́ sí, nínú ilé ìwòsàn, lójú gbogbo wa.

Mo ti fi pẹ́ńsù ṣírò ìyẹn fún àwọn nọ́ọ̀sì tuntun lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ọjọ́ náà, nítorí kò sí ohun tó ń yé ni bíi nọ́ńbà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Atẹ́gùn ayé ń tì wá ní 760 mmHg. Yọ 47 ti ooru omi inú ẹ̀dọ̀fóró, ó ku 713. Ọ́ksíjìn jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn bí 150. CO2 tó wà nínú àpò atẹ́gùn ẹ̀dọ̀fóró ń gba àyè mọ́ ọ́ksíjìn lọ́wọ́, nítorí náà a ó pín PaCO2 pẹ̀lú 0.8, a ó sì yọ ọ́. Tí CO2 bá jẹ́ 40, àádọ́ta ni a ó yọ, ó ku 100, kò sí wàhálà. Tí ó bá jẹ́ 92, a ó yọ 115. Ó ku 35. Márùndínlógójì! Ìyẹn sì ni inú àpò atẹ́gùn. Ti inú ẹ̀jẹ̀ á tún rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè ní kí a yọ ọ́ksíjìn, kí CO2 náà máa bá a lọ sílẹ̀. Wọn kì í jọ rìn. Ọ́ksíjìn tí ara tọ́jú pamọ́ kò ju lítà kan àti ààbọ̀ lọ, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni á fi lò ó tán. CO2 tí ara tọ́jú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹran ara àti egungun lé ní ọgọ́rùn-ún lítà. Ẹni tó gba wákàtí kan kó tó kó ẹrù jọ, tí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ sì fún, kò lè kó o dà nù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ́ksíjìn á ti wálẹ̀ tipẹ́ kí CO2 tó mira.

Mo dá ọ́ksíjìn padà fún un, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìbòmú Venturi tó ń fúnni ní ìdá 28 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ìka dúró sí ni 88 sí 92. Ó gun 90, ó dúró. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn.

Báíkábọ́nétì tí a ò fún un

Dókítà àgbà dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Kó tó dé, ẹnìkan láàárín wa ti fa báíkábọ́nétì sínú abẹ́rẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé pH ti wálẹ̀, ásíìdì ti pọ̀, báíkábọ́nétì sì ń pa ásíìdì. Dókítà àgbà gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bínú, ó kàn bi í pé, “Nígbà tó bá pa ásíìdì náà tán, kí ló máa dà?”

Ìdáhùn rẹ̀ wà lókè níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù. Báíkábọ́nétì á so mọ́ H+, á di omi àti CO2. CO2 mìíràn, fún ẹni tí CO2 ń pa lọ. Níbi tí ènìyàn bá ti lè mí i síta, ó tún lè ṣe é fún ìdí mìíràn. Lọ́dọ̀ Bàbá, ẹrù là bá tún dì lé ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ náà lọ sínú garawa.

Ohun tí Bàbá nílò ni kí atẹ́gùn máa wọlé kó sì máa jáde. Kò sí oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ ìyẹn. A gbé ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọlé láti inú ìbòmú wá, èyí tí kò nílò kí a ti ọ̀pá bọ ènìyàn lọ́fun. pH tó rẹlẹ̀ ju 7.35 lọ pẹ̀lú CO2 tó ga, tí oògùn ò sì tíì borí rẹ̀, ti tó láti gbé e wá. Ti Bàbá ti kọjá bẹ́ẹ̀ jìnnà.

Ibi tí mo ti rò pé a máa já kulẹ̀ nìyí. Ìbòmú yẹn le, ó ń fún ojú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọlé bí ìgbà tí ènìyàn bá yọ orí síta láti inú mọ́tò tó ń sáré. Bàbá fi ọwọ́ gbá a dànù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan ní kí a fún un lóògùn tí á fi dákẹ́. Dókítà àgbà kọ̀ jálẹ̀: èyí tó ṣẹ́kù nínú mímí rẹ̀, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì kékeré yẹn kan náà ló gbà á lọ́wọ́ wa. Kò so okùn rẹ̀ rárá. Ó fi ọwọ́ di ìbòmú náà mú lójú Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti atẹ́gùn láti 10 fún ìmísínú àti 4 fún ìmísíta, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i létí: “Ẹ jẹ́ kó wọlé, Bàbá. Ẹ tú u jáde. Ẹ jẹ́ kó wọlé.” Màmá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó so okùn. A ń fi méjì-méjì kún ti ìmísínú títí ó fi dé 20. Atẹ́gùn ń jò lọ sí ojú rẹ̀ lápá òsì, a tún un ṣe.

Lẹ́yìn wákàtí kan, pH 7.27, PaCO2 78. Kò tíì dára, ṣùgbọ́n ó ti yíjú. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, 7.33 àti 66. Bàbá lajú, ó béèrè omi, ó sì bú ẹ̀rọ náà.

Ibi tí ó yẹ kí a dúró

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, 7.36 àti 61. Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ fẹ́ fi kún agbára ẹ̀rọ kí CO2 lè dé 40, nítorí pé 40 ló wà nínú ìwé. Ìwé Màmá ló gbà wá níbẹ̀.

60 ni ti Bàbá. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kíndìnrín rẹ̀ ti fi ń dá báíkábọ́nétì padà sínú ẹ̀jẹ̀ kó lè bá CO2 tó ga yẹn dọ́gba, ìyẹn ló fi jẹ́ 33 tí pH sì wà ní 7.36. Ìwọ̀n ni, apá méjèèjì ti jọ gòkè. Bí a bá fi tipátipá já CO2 wálẹ̀ sí 40, tí báíkábọ́nétì ṣì wà ní 33, pH á fò dé 7.54, wàhálà mìíràn nìyẹn. Bí a bá sì dì í mú síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kíndìnrín á da báíkábọ́nétì náà nù, Bàbá á padà sí mímí ara rẹ̀ láìní ohun tó ń dáàbò bò ó. A fi í sílẹ̀ ní 61.

Nǹkan kan ṣì fẹ́ bà á jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa tún fi ọ́ksíjìn fẹ́ nebulizer. Ẹ̀rọ ìka gun 98. Màmá ló pariwo. Láti ìgbà yẹn, a gbé nebulizer alátẹ́gùn kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, a sì ń fi rọ́bà imú lítà kan tàbí méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ́ksíjìn má baà já.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí

Mi ò bẹ̀rù láti fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ka 79 ní ọ́ksíjìn. Ẹ má ka ìtàn yìí kí ẹ wá fi ọ́ksíjìn du aláìsàn. Àìtó rẹ̀ ń yára pani ju àpọ̀jù CO2 lọ. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ COPD, tàbí mo rí ẹni tí àyà rẹ̀ ti rí bí àgbá, tó ti mu sìgá pẹ́, 88 sí 92 ni mo ń lé láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ìwádìí kan láti Tasmania ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2010, fi irú ọ̀nà yìí wé ọ́ksíjìn ńlá nínú ọkọ̀ àwọn tó ń gbé aláìsàn, lára ènìyàn 405. Nínú àwọn tó gba ọ́ksíjìn ńlá, 9 nínú ọgọ́rùn-ún kú. Nínú àwọn tí wọ́n díwọ̀n fún, 4. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àmì kan tún wà tí a fojú fò dá lóru yẹn, ó sì ń dùn mí ju ìyókù lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà nígbà tí Bàbá wọlé, èyí tí a fi ń wo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lásán, ti jáde ṣáájú kí Màmá tó wá pè mí. Ó wà lórí tábìlì mi. Báíkábọ́nétì tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 34. Ẹni tí kò bì, tí kò lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, tí báíkábọ́nétì rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ ló ń sọ fún ọ pé CO2 ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo wo potassium, ó dára, mo yí ìwé náà dé.

Ọjọ́ kẹjọ ni Bàbá lọ sílé. A fún un ní káàdì tó máa máa mú dání, tí a kọ ìwọ̀n ọ́ksíjìn rẹ̀ sí. Mo ti kọ “88–92” tán pẹ̀lú bírò nígbà tí Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì dá a padà.

“Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, Nọ́ọ̀sì. Kí ẹni tí kò ní bi mí lè rí i.”

Mo wá máákà aláwọ̀ pupa, mo tún un kọ.